Ẹsẹ̀ Ọmọ Ẹlòmíràn

Rashidi Yekini ló ta bọ́ọ̀lù náà síwájú. Samson Siasia sá tẹ̀lé e, ó rí i pé aṣọ́lé Ajẹntínà, Luis Islas, ti kúrò lójúlé rẹ̀ wá pàdé òun, ó sì rọra fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí rẹ̀ wọ àwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni wọ́n tíì gbá. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1994 ni, ní Foxboro lẹ́bàá Boston, ní Amẹ́ríkà, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ. Kí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n tó pé, Claudio Caniggia ti jẹ góòlù méjì, bó sì ṣe parí nìyẹn, méjì sí ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìkẹyìn, obìnrin nọ́ọ̀sì kan wá fa Diego Maradona lọ́wọ́ jáde lórí pápá. Wọ́n lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá oògùn tí òfin kò fẹ́ níbẹ̀, Maradona kò sì tún wọ aṣọ Ajẹntínà mọ́ nínú Ife Àgbáyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí ọjọ́ náà nìyẹn. Èmi, góòlù Siasia ni mo fi ń rántí rẹ̀.

Mo ní ìdí. Góòlù yẹn kì í ṣe góòlù agbára. Ẹni tó bá sáré bẹ́ẹ̀ tó bọ́ síwájú aṣọ́lé, gbogbo ara rẹ̀ á máa sọ fún un pé kó fi ipá gbá a. Siasia kò dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó fi sùúrù sí àárín eré, nǹkan tó ṣòro jù lọ fún ẹni tó ń gbá iwájú. Ẹ fi góòlù yìí sọ́kàn o, nítorí Ajẹntínà á san án padà fún un lọ́jọ́ kan, lọ́nà kan náà gan-an.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1967, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjọ̀ ni, tí Odoni ní ìpínlẹ̀ Bayelsa sì jẹ́ ìlú bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ Julius Berger l'Ékòó ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1987. Ó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ó kọjá sí Nantes ní ilẹ̀ Faransé, ó sì wà nínú ikọ̀ Nantes tó gba ife líìgì Faransé ní 1995, ikọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fìdí rẹmi ní gbogbo sáà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dé Pọtugí, ó dé Ọsirélíà, ó dé Ísírẹ́lì, ibẹ̀ ló sì ti fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀. Ó gba Ife Áfíríkà pẹ̀lú Super Eagles ní Tunis ní 1994, ó sì jẹ góòlù mẹ́rìndínlógún fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìwé ìṣirò ẹni tó ń gbá iwájú kò gùn: ó jẹ tàbí kò jẹ. Bí kò bá jẹ lónìí, á jẹ lọ́la, aráyé á sì gbàgbé ti òní.

Ibi tí ọkàn mi ń lọ kì í ṣe ibẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá di akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Ní Gbaffo níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láàrin àwọn òkè olókùúta tí ìlú Ìdáàṣà fi lórúkọ, òkè mọ́kànlélógójì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kà wọ́n, a ní pápá kan tí kò tẹ́jú. Orí kan ga ju èkejì lọ, ẹgbẹ́ tó bá sì mu owó nígbà tí rẹfirí bá ju kọ́bọ̀ sókè, apá òkè ni yóò kọ́kọ́ gbá sí, kí òun lè gbá sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Òun náà gbá iwájú rí, àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà sì ní kò sí ẹni tó lè mú un láti ibí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Kò sí owó ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà pápá, nítorí náà eérú ló máa ń lọ tọrọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí. Ó máa ń gbé eérú náà sínú báàfù àtijọ́ kan, á máa fi ọwọ́ bù ú dà sílẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn, títí tí yóò fi fa ìlà náà yí pápá ká, ọwọ́ àti ṣòkòtò rẹ̀ á sì funfun.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, kó má wo bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn ọmọ Gbaffo bá ń gbá. Kó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n yìí. Ẹ̀gbẹ́ ìlà ló máa ń dúró sí, ọwọ́ lẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé iwájú ilé, tí ọmọ kan bá ń ṣe wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn á gbéra fúnra rẹ̀. Mo ti rí i tí bàtà rẹ̀ fò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí pápá. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù náà gbà, ó sì mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò gbá a mọ́ láé.

Ìyẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ náà lójú tèmi. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní ju ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn lọ, orí ẹsẹ̀ náà ni oúnjẹ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti oorun alẹ́ rẹ̀ wà. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mi ò mọ òwe tó bá bọ́ọ̀lù mu tó èyí.

Ọdún 2005 ni ọ̀rọ̀ Siasia wọ ilé wa. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló gbàlejò ìdíje àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà lọ́dún náà, ní oṣù kìíní, ní ìgbà ọyẹ́. Ayọ̀ náà pọ̀. A kò gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pín wa sí ìpín kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà, Siasia sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Fún àwa Ìdáàṣà, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí ará Kútọnu ṣe rò ó. Rédíò Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbọ́ Yorùbá, àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti l'Ékòó, àwọn míì ti bímọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀kẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ni gbogbo wa. Nàìjíríà lù wá ní mẹ́ta sí òdo.

Ohun tó tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ ìdíje yẹn tayọ̀tayọ̀ títí di òní. Àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù rí aṣọ́lé wa nílé ijó, ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n lù ú nítorí góòlù mẹ́ta náà, ọmọ náà sì kú. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìròyìn náà tàn dé òkè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kan láàrin wa. Mo mọ̀ pé kò bá ọ̀rọ̀ Siasia tan, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé bọ́ọ̀lù ju ikú àti ìyè lọ, ọmọ yẹn ni mo máa ń rí.

Àwọn tó kù nínú ikọ̀ náà ṣe ọkàn akin. Wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n ṣe ipò kẹta, wọ́n sì gba ìwé láti lọ sí ìdíje àgbáyé. Nàìjíríà ló gba ife náà lórí ilẹ̀ wa. Lóṣù kẹfà, ikọ̀ méjèèjì pàdé ní Hólándì fún ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Tiwa kò ju ìpele ìpín lọ, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀mì pẹ̀lú Ọsirélíà àti Jàpáàn, ohun tí a ṣì fi ń ṣe fáàrí. Àwọn ọmọ Siasia ní tiwọn gba Hólándì fúnra rẹ̀ lórí pẹnáritì tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án, wọ́n na Mòrókò ní mẹ́ta sí òdo, wọ́n sì bá Ajẹntínà wọ àṣekágbá ní ìlú Utrecht. John Obi Mikel wà níbẹ̀. Taye Taiwo, ọmọ Èkó, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ń dún. Ní ọ̀dọ̀ kejì, ọmọ kúkúrú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún, Lionel Messi. Ó gbá pẹnáritì kan wọlé, Chinedu Ogbuke dá a padà, Messi tún gbá òmíràn wọlé. Méjì sí ọ̀kan, bí ti Foxboro.

Ní 2008, Siasia tún kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì ní Beijing. Wọ́n na Bẹ́ljíọ̀mù ní mẹ́rin sí ọ̀kan ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ti fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ rí. Àṣekágbá bọ́ sí ọ̀sán gangan, oòrùn mú débi tí rẹfirí fi dá eré dúró kí àwọn ọmọ lè mu omi. Ajẹntínà náà ni, Messi náà ló sì wà níbẹ̀. Messi ta bọ́ọ̀lù sí Ángel Di María, Di María sáré dé iwájú, ó rí i pé aṣọ́lé Nàìjíríà, Ambruse Vanzekin, ti jáde wá, ó sì rọra gbé bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀kan sí òdo. Góòlù 1994 náà ni. Ẹni tó bá wo méjèèjì tẹ̀léra á rí i pé ọ̀nà kan náà ni bọ́ọ̀lù méjèèjì gbà, ìyàtọ̀ kò ju pé lọ́tẹ̀ yìí ẹni tó ni ọgbọ́n náà wà lórí bẹ́ńṣì, kò sì sí ohun tó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Wọ́n gba fàdákà. Ní Nàìjíríà, àwọn kan bínú sí fàdákà náà, nítorí wúrà ni wọ́n gbà ní Atlanta ní 1996, Ajẹntínà kan náà ni wọ́n sì nà ní mẹ́ta sí méjì níbẹ̀. Mo gbọ́ ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnu tó ń sọ pé Siasia kò mọ ohun tó ń ṣe. Fàdákà méjì láàrin ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò ju ogún ọdún lọ púpọ̀, lójú Messi lẹ́ẹ̀mejèèjì! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn wa rí.

Wọ́n fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles ní ìparí 2010. Ọjọ́ kan wà nínú àsìkò náà tó yẹ kí n dúró lé lórí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2011, ní Àbújá, Nàìjíríà na Ajẹntínà ní mẹ́rin sí ọ̀kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ ni, àwọn tí Ajẹntínà kó wá kì í ṣe àwọn ọ̀gá wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnìkan ti nà lẹ́ẹ̀mẹta kì í ka irú èyí sí kékeré. Àbí? Ṣùgbọ́n rẹfirí ọjọ́ náà, Ibrahim Chaibou láti Niger, fi eré náà gùn kọjá àsìkò, ó sì fún Ajẹntínà ní pẹnáritì kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣọ́ ọjà tẹ́tẹ́ kígbe, FIFA ṣe ìwádìí, nígbẹ̀yìn wọ́n sì lé rẹfirí náà kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí ayé. Kò sí ẹni tó di ẹ̀bi ọjọ́ náà ru Siasia. Síbẹ̀ ẹ wo irú orí tó jẹ́: ọjọ́ kan ṣoṣo tó na Ajẹntínà, àwọn oníjìbìtì ti wà lórí pápá ṣáájú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Gínì wá sí Àbújá. Nàìjíríà gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n tó lè lọ sí Ife Áfíríkà 2012. Wọ́n ń borí ní méjì sí ọ̀kan, àfikún àsìkò ni wọ́n sì ń gbá nígbà tí Gínì dá èkejì padà. Ọ̀mì, méjì sí méjì. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti lé Siasia lọ, Stephen Keshi ni wọ́n gbé wọlé. Keshi gba Ife Áfíríkà fún wọn ní 2013.

Ọ̀rọ̀ Keshi ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá àwọn tó gbá ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ni. Ẹ̀yìn ni Keshi gbá, kó tó di pé ó mú Togo yẹ fún Ife Àgbáyé 2006, tí wọ́n sì gba ikọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé Jámánì. Gernot Rohr, tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwa ní 2023, ẹ̀yìn ló gbá fún Bordeaux. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń rí gbogbo pápá. Ẹni tó wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí àwọn ará rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èrò yìí dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Emmanuel Amuneke ló bà á jẹ́. Iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ni Amuneke gbá, òun ló sì jẹ góòlù tó fún Nàìjíríà ní wúrà ní Atlanta. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gba ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní 2015 ní Chile, ó sì mú Tanzania lọ sí Ife Áfíríkà 2019, ibi tí wọn kò dé láti 1980. Nítorí náà, mo fi èrò náà sílẹ̀.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Oumar Tchomogo, ọmọ Parakou, gbá iwájú fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ lọ sí Ife Áfíríkà ní 2004. Ó padà wá kọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì mú wa dé ìdíje ọdún 2017. Ọmọ Faransé kan, Michel Dussuyer, ló kó wa lọ sí ti 2019, níbi tí a ti lé Mòrókò lọ sílé lórí pẹnáritì tí gbogbo òkè Ìdáàṣà fi hó. Èmi náà hó. Ó dùn mí díẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ Parakou ló wà lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà.

Àwọn baba tó ṣáájú ńkọ́? Tesilimi Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder, nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, ikọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà gbá. Ó padà lọ sí Peterborough ní 1955 àti Queens Park Rangers ní London ní 1956. Ó kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì padà wá fi iṣẹ́ náà sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ títí ó fi kú ní 1972. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ńlá tó dojú kọ National Stadium ní Surulere. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń kọjá níbẹ̀ ohun tí Balógun ṣe, á sọ ti àrá ẹsẹ̀ rẹ̀ fún yín. Àwọn tó kọ́ ní bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Siasia. Ní 2016 wọ́n tún pè é, fún Òlíḿpíìkì ti Rio. Ìtàn yẹn, bí ènìyàn bá sọ ọ́ nínú eré orí ìtàgé, wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù. Ikọ̀ náà há sí Atlanta ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ òfurufú. Ọjọ́ tí wọ́n á gbá gan-an ni wọ́n dé Manaus, wákàtí mélòó kan ṣáájú fèrè, wọ́n sì na Jàpáàn ní márùn-ún sí mẹ́rin. Oghenekaro Etebo nìkan jẹ mẹ́rin. Siasia ké gbangba níbẹ̀ pé òun kò tíì gba owó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n ṣẹ́gun Honduras ní mẹ́ta sí méjì, wọ́n sì gba idẹ. Dókítà ará Jàpáàn kan, Katsuya Takasu, tó ka ìyà wọn nínú ìwé ìròyìn, fò wá fún wọn ní $390,000 láti àpò ara rẹ̀. Ará Jàpáàn o, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi góòlù márùn-ún nà. Inú mi dùn fún àwọn ọmọ náà, ojú sì tì mí fún àwọn tó rán wọn níṣẹ́.

Fàdákà, fàdákà, idẹ. Mi ò mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Áfíríkà mìíràn tó fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lóṣù kan náà, Rohr ni wọ́n fún ní Super Eagles.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2019 dé. Lóṣù keje, àwọn ajínigbé wọ Odoni, wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ, arúgbó tó tó bí ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì ni, torí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e ní 2015. Ìyá náà wà nígbèkùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí FIFA kéde, lóṣù kẹjọ, pé àwọn ti lé Siasia kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí ayé, nítorí pé ó gbà láti gba rìbá lórí ṣíṣe màgòmágó sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Wilson Raj Perumal ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ará Singapore tó ti fi ayé jìn sínú irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ní Finland ní 2011. Ìwé tí òun àti Siasia kọ síra wọn lórí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ni FIFA rí kà.

Siasia lọ sí ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ní Lausanne. Ó ní láti bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ lórí owó agbẹjọ́rò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ náà sọ títí ayé di ọdún márùn-ún. Wọn kò ní kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ni, pé kì í ṣe òun ló lọ wá a, pé kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́, pé kọ́bọ̀ kan kò sì wọ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fagi lé owó ìtanràn pẹ̀lú.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lórí èyí, ní Gbaffo àti ní Kútọnu, ojú mi sì ti le nídìí rẹ̀. Àwọn kan ní òyìnbó ló fẹ́ bà á jẹ́. Mi ò gbà. Ẹni tí olè bá wá bá jókòó, tó bá a ná iye, tí kò sì pariwo, kò lè ní òun kò mọ̀ pé olè ni. Ọ̀gá ni Siasia nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wo ojú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ké. Kò ké. Àwọn mìíràn ní títí ayé ló yẹ ẹ́. Ìyẹn náà ni mi ò gbà. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, ṣùgbọ́n epo kankan kò sọ̀ kalẹ̀ lájà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún márùn-ún tó.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń dájọ́ ní ilé ọtí kì í fẹ́ fi sínú ìdájọ́ náà. Mi ò sọ pé gbèsè owó oṣù ló bí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n jẹ lówó kò bá olè sọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn bíi Perumal mọ ilé tí wọ́n ń lọ. Wọn kì í lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní ìwé àdéhùn nílé, tí owó ń wọ báńkì rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ẹni tí kò mọ ibi tí iṣẹ́ tó kàn yóò ti jáde, tó ń wo ìlẹ̀kùn, ni wọ́n ń kàn sí. Àwa ni a sì ń fi àwọn èèyàn wa sí ipò yẹn. Nígbà tí a bá fẹ́ gba ife, a gbé òyìnbó wọlé pẹ̀lú ilé, ọkọ̀ àti owó dọ́là. Nígbà tí ilé bá ń jó, a pe ọmọ ilé pé kó wá fi ọwọ́ pa iná, a ó jíròrò owó nígbà tó bá yá.

Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, Nàìjíríà wá bá wa gbá ní Abidjan, ibi tí a lò fún ilé lọ́jọ́ náà. (Wọ́n ti yí orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ padà sí Guépards láti 2022, ṣùgbọ́n ẹnu àwa àgbà kò tíì tẹ̀lé wọn.) Onyedika kọ́kọ́ jẹ tiwọn, Jodel Dossou dá a padà, Steve Mounié fi èkejì lé e ṣáájú ìsinmi. Méjì sí ọ̀kan. Ariwo tó sọ ní Gbaffo, ẹni tó wà lórí òkè kejì á gbọ́. Ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì Nàìjíríà ni Finidi George, tó gbá iwájú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún Ajax, tó wà lórí pápá ní Foxboro pẹ̀lú Siasia, tó sì ti fi Enyimba gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2023. Kò tíì lo oṣù méjì lórí iṣẹ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń sọ pé àwọn á gba òyìnbó kan lé e lórí. Finidi kọ̀wé, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tó ṣe pàtàkì péré ló ní. Mo yọ̀ nítorí góòlù Mounié, mi ò sì lè purọ́ pé mi ò yọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ti Finidi, mo rò ó pé irú èyí gan-an ni a máa ṣe fún tiwa bí ó bá jẹ́ àwa ni a pàdánù.

Ìjìyà Siasia parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Kò sí òfin tó dè é mọ́. Bí àjọ kan ní Áfíríkà bá ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń kó ọmọ ọdún méjìdínlógún dé àṣekágbá àgbáyé, ó wà nílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù ní Kútọnu àti ní Àbújá kò pọ̀: ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fún ní àwọn ọ̀dọ́, ẹ kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ní ọjọ́ tí ẹ bá dá.